Àáfà, Orúkọ Ta Ni Ó Wà Lórí Rìsíìtì Ilẹ̀ Náà?



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ilẹ̀, tí Ó sì tẹ́ ẹ fún ẹ̀dá láti máa gbé orí rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà wọn títí di Ọjọ́ Ìkẹyìn.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń dùn mí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo mọ̀ pé kò ní dùn létí àwọn kan nínú wa, pàápàá àwa tí à ń pè ní àáfà. Bí ọdún Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí bí oṣù kejìlá bá wọlé, tí àwọn ará wa tí wọ́n wà ní London, ní Dublin, ní Houston àti ní Jeddah bá ń wálé, ìgbà náà ni àdúrà ìpìlẹ̀ ilé máa ń pọ̀ jù ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Láti Èrúwà dé Lánlátẹ̀, láti Igbó-Ọrà dé Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn, wọn a ránṣẹ́ pe àáfà. Wọn a gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọn a to búlọ́ọ̀kù jọ, wọn a tẹ́ ẹní. Àáfà a ka Yásínì, a ṣe àdúrà kí ilé ó tutù, kí onílé ó pẹ́ níbẹ̀. (Ọ̀rọ̀ Yásínì kíkà níbi ìpìlẹ̀ ilé, a ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ rí, kì í ṣe òun ni mo bá wá lónìí.) Wọn a pín sàárà, àáfà a gba tirẹ̀, a gun ọ̀kadà lọ sílé.

Nínú gbogbo ètò yìí, n kò tíì rí ibi tí àáfà kan ti béèrè, kí ó tó tẹ́ ọwọ́ àdúrà, pé: orúkọ ta ni ó wà lórí rìsíìtì ilẹ̀ yìí? Mo ń sọ ọ́ gbangba pé ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju ẹran tí a ń pín lọ. Mo sì ń sọ pé àáfà tí ó bá ṣe àdúrà láìbéèrè rẹ̀ ní ìpín nínú ìjà tí yóò bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà láàyè, mọ́sáláṣí kan náà ni wọ́n sì ti ń kí Jímọ̀. Arákùnrin kan, ọmọ Igbó-Ọrà, kọjá sí London. Iṣẹ́ òru ni ó ń ṣe níbẹ̀, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Oṣooṣù ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, pé kí ó bá òun ra ilẹ̀, kí ó sì bá òun kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí i. Ẹ̀gbọ́n yìí kì í ṣe olè. Gbogbo owó tí ó gbà ni ó fi ra sìmẹ́ńtì àti páànù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dúró ti bíríkìlà nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ rìsíìtì, àwọn onílẹ̀ béèrè orúkọ, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ fún wọn, nítorí pé òun ni ó wà níbẹ̀, òun ni wọ́n mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni owó sì ti jáde. Orúkọ rẹ̀ náà ni awọnlẹ̀ kọ sórí àwòrán ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rí nǹkan kan tí ó burú nínú rẹ̀.

Ní ọdún kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n ṣubú lulẹ̀ lóko, ó sì kú. Wọ́n pe àáfà láti wá pín ogún. Àáfà yìí mọ ìmọ̀ ogún pípín dáadáa, mo lè jẹ́rìí sí i. Ó yọ ìdá kan nínú mẹ́jọ fún àwọn opó, ó fún ọmọkùnrin ní ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin, gẹ́gẹ́ bí Súrà An-Nisā' ti là á kalẹ̀. Kò ṣi ìṣirò kankan ṣe. Ibi tí ó ti ṣìnà ni pé ilé tí kì í ṣe ti òkú wà nínú ohun tí ó ń pín. Rìsíìtì wà níwájú rẹ̀, orúkọ òkú ni ó sì rí lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò parọ́. Ilé bàbá wọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú. Nígbà tí arákùnrin wa dé láti London tí ó ní ilé òun ni, wọ́n ní kí ó mú ẹ̀rí wá. Ìwé ìfowóránṣẹ́ ni ó kó sílẹ̀, ó sì pọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹríba pé, "Bàbá, ṣé ẹ kì í fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí bàbá wa ni? Èwo nínú ìwé wọ̀nyí ni ti oúnjẹ, èwo ni ti ilé?" Kò rí i dáhùn.

Ta ni ó jalè níbẹ̀? Kò sí. Síbẹ̀ àwọn ọmọ òrukàn ń gbé inú ohun tí kì í ṣe tiwọn, òkú wà nínú sàréè pẹ̀lú àmánà ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́rùn, alààyè kò sì bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ìwé kékeré kan, tí a bá kọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní, ìbá ti dí gbogbo rẹ̀.

Bí a bá sọ báyìí, ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń fèsì ni pé, "Ọmọ ìyá mi ni. Ṣé kí n bá ọmọ ìyá mi tọwọ́ bọ̀wé ni? Ìyẹn túmọ̀ sí pé n kò fọkàn tán an." Wọn a sọ ọ́ bí ẹni pé ìwà rere ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ ṣí Al-Kùránì yín sí Súrà Al-Baqarah, àáyá 282. Òun ni àáyá tí ó gùn jù nínú gbogbo Al-Kùránì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbèsè kíkọ sílẹ̀ ni. Ọlọ́hun ní kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí ẹni tí ẹ̀tọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ ni ó pè é fún akọ̀wé, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kí ẹlẹ́rìí má ṣe kọ̀ bí a bá pè é. Ó tún kìlọ̀ pé kí ó má ṣe sú wa láti kọ ọ́, ìbáà jẹ́ kékeré, ìbáà jẹ́ ńlá. Ó tilẹ̀ rántí pé ẹni tí ó wà ní ìrìn-àjò lè má rí akọ̀wé, Ó sì sọ ohun tí yóò ṣe nínú àáyá tí ó tẹ̀ lé e: kí ó gba ohun ìdúró lọ́wọ́. Ẹni tí ó wà ní òkè òkun lónìí, tí agbẹjọ́rò wà ní ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀, tí tẹlifóònù wà lápò rẹ̀, àwáwí wo ni yóò wá mú lọ síwájú Ọlọ́hun?

Mo mọ̀ pé àáfà kan yóò dá mi lóhùn pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn onímọ̀ ló sọ pé ìmọ̀ràn ni àṣẹ kíkọ yìí, kì í ṣe dandan, nítorí pé àáyá 283 gbà pé a lè fọkàn tán ara wa. Òótọ́ ni ó sọ. Ohun tí àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn gbà nìyẹn, n kò sì fẹ́ fi agbára sọ ìmọ̀ràn di dandan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó ka àáyá náà tán: ẹni tí a bá fọkàn tán, kí ó dá àmánà padà, kí ó sì bẹ̀rù Ọlọ́hun. Báwo ni òkú yóò ṣe dá a padà? Àti pé, dídáàbò bo ohun ìní jẹ́ ọ̀kan nínú ohun márùn-ún tí àwọn onímọ̀ sọ pé torí rẹ̀ ni Ṣẹ̀ríà fi wà. Ẹni tí ó bá mọ̀ dájú pé ní ilẹ̀ yìí ohun tí a kò kọ sílẹ̀ yóò di ìjà, tí ó sì kọ̀ láti kọ ọ́, kò lè sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn.

Ta ni a sì lè fọkàn tán ju Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) lọ? Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní Mẹ́kà pàápàá ń kó ohun ìní wọn fún un pa mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí òun àti Al-Addā' ọmọ Khālid jọ ṣe òwò, ó kọ ìwé fún un, ohun tí ọkùnrin náà rà àti ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìwé náà. Tirmidhī gbà á wá. Nígbà tí ó dé Mẹ̀dínà, ilẹ̀ tí ó fẹ́ kọ́ mọ́sáláṣí sí jẹ́ ti àwọn ọmọ òrukàn méjì, Sahl àti Suhayl. Wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ, ó kọ̀, ó ní àfi kí òun san owó rẹ̀. Ẹ fi wé ti àwa tí à ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo ní abẹ́ igi, tí a kò bi í bóyá òrukàn kan wà nínú ẹbí náà tí ó ní ẹ̀tọ́ síbẹ̀. Hàdíìsì tí Bùhárì àti Músílíìmù gbà wá ti kìlọ̀ fún wa nípa ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ tí kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ, pé ilẹ̀ méje ni a ó fi kọ́ ọ lọ́rùn ní Ọjọ́ Àjíǹde.

Àwọn kan nínú yín rò pé ìwé ilẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn òyìnbó tí kò kan ẹlẹ́sìn. Ẹ rántí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti ìlú Èkó, Mùsùlùmí ni. Nígbà tí ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ní Àpápá, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London ní 1920 pẹ̀lú Herbert Macaulay, ẹjọ́ náà sì dé iwájú Privy Council. Ní 1921 ni wọ́n dá a láre. Ohun tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àti ti ìlú. Olórí ẹbí jẹ́ alámòójútó lórí rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìpìlẹ̀ yìí kan náà ni ó ń mú àwọn ará òkè òkun wa ṣubú títí di òní, nítorí pé ọwọ́ ẹnì kan ni wọ́n ti ń ra ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ẹbí. Ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà là á yé wa: bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí àwọn àgbà ẹbí, àwọn àgbà wọ̀nyí lè lọ sílé ẹjọ́ kí a fagi lé títà náà, bí àwọn àgbà ẹbí bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, kò sí títà kankan níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, rìsíìtì tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ fún ọ ní ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́, tí olórí ẹbí rẹ̀ kò tọwọ́ bọ̀ ọ́, kò yàtọ̀ sí ìwé tí a fi ń di ẹ̀pà.

Òfin Ilẹ̀ ti 1978 tún wà lórí èyí. Gómìnà ni òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí lọ́wọ́, fún àǹfààní ará ìlú. Ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ni ẹbí àti ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ẹ̀tọ́ yìí fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda: ti gómìnà ní ìlú ńlá, ti ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ oko. Mẹ́ta ni ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Ìbàràpá, ọ́fíìsì wọn sì wà ní Igbó-Ọrà, ní Èrúwà àti ní Ayétẹ̀. Kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. C of O tí gbogbo ènìyàn ń fi ṣe fáàrí kò sì wẹ ilẹ̀ tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí kò ni ín mọ́. Ilé ẹjọ́ ti fagi lé C of O lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé ẹni tí ó ta ilẹ̀ náà kò ní ohun tí yóò tà.

Kí ni kí ẹni tí ó wà ní òkè òkun ṣe, nígbà tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ wálé? Kí ó gba agbẹjọ́rò tirẹ̀, kì í ṣe ti àwọn onílẹ̀. Kí agbẹjọ́rò náà bá olórí ẹbí àti àwọn àgbà láti ojúlé kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí sọ̀rọ̀, kí gbogbo wọn tọwọ́ bọ̀wé. Bí ẹnì kan nínú wọn kò bá mọ̀wé, kí a ka ìwé náà fún un ní Yorùbá kí ó tó tẹ̀ka, kí ẹni tí ó kọ ọ́ sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, nítorí pé òfin wà tí ó dáàbò bo aláìmọ̀wé. Kí awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀, kí ó ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀dà àwòrán náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Olórí Awọnlẹ̀ ní Ìbàdàn. Kí a wádìí ní Sẹkitéríàtì, ní Àgodi, bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Lórí gbogbo ìwé wọ̀nyí, láti orí rìsíìtì àkọ́kọ́, orúkọ ẹni tí ó ni owó ni kí ó wà níbẹ̀: èmi lágbájá ni mo rà á, nípasẹ̀ àbúrò mi tàmẹ̀dò. Ọ̀rọ̀ yìí, "nípasẹ̀", ni ó sọnù lórí rìsíìtì arákùnrin wa ti London.

Bí ó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn máa tọwọ́ bọ̀wé fún òun, ìwé kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní power of attorney. Kí ó ṣe é níwájú nótárì ní ìlú tí ó ń gbé, nítorí pé Òfin Ẹ̀rí ti 2011 fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní iyì nílé ẹjọ́ wa. Ṣùgbọ́n kí ó mọ ìwọ̀n agbára rẹ̀. Ó ń fún ẹlòmíràn láṣẹ láti ṣojú rẹ̀, kò sọ ilẹ̀ di ti aṣojú. Bí ẹni tí ó fúnni láṣẹ bá sì kú, àṣẹ aṣojú bẹ́ẹ̀ bá a kú. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ta ilé òkú pẹ̀lú irú ìwé yìí. Harámù ni, ó sì lòdì sí òfin pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí àwọn ará òkè òkun kò fẹ́ràn láti gbọ́. Ẹ máa san owó iṣẹ́ fún ẹni tí ń bá yín dúró ti ilé. Ènìyàn kan fi oko rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, ó ń bá yín rìn láàárín oníyanrìn àti bíríkìlà, ẹ kò fún un ní nǹkan kan ju "Ọlọ́hun yóò san án fún yín" lọ. Kí ni ẹ ń bínú sí, nígbà tí ó fi àpò sìmẹ́ńtì méjì tún ògiri yàrá rẹ̀ rẹ́? Ṣẹ̀ríà gba kí a san owó fún aṣojú, kí a sì dá iye rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ san án, kí ẹ sì gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta: iye tí ó gbà, ohun tí ó rà, ohun tí ó kù. Nígbà tí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́, ẹ kọ ohun tí ó wà fún. Owó oúnjẹ ìyá lọ́tọ̀, owó ilé lọ́tọ̀. Òtítọ́ ni pé òfin ilẹ̀ wa mọ̀ pé ẹni tí ó san owó lè jẹ́ onílé bí orúkọ ẹlòmíràn bá tilẹ̀ wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹrù ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ sì lè gba ọdún mẹ́wàá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń sọ pé kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi má ṣe kọ́lé sílé mọ́. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ṣòwò ní Gánà kọ́gbọ́n yìí pẹ̀lú omijé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti gbé ní Kùmásí àti Tàmálè fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹni tí ó ti kọ́lé sí ìlú rẹ̀ rí ibi wọ̀ sí; ẹni tí kò kọ́ sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹbí. Nítorí náà, ẹ kọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé ni wọ́n fi lé wọn jáde níbẹ̀, àìsí ìwé sì lè lé ọmọ jáde nínú ilé tí ó kọ́ sí Igbó-Ọrà.

Ọ̀rọ̀ kejì tí n kò lè fò dá ni ti ibi tí owó ilé ti ń wá. Ìlòdì ribà wà nínú Súrà Al-Baqarah kan náà, ṣáájú àáyá gbèsè kíkọ, láti 275 dé 279, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́hun kìlọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ ogun bẹ́ẹ̀. Àwọn ará wa ní Yúróòpù ń mú fátíwà kan lọ́wọ́. Ní 1999 ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan fún ilẹ̀ Yúróòpù jókòó ní Dublin, wọ́n sì gbà pé Mùsùlùmí tí ọ̀nà mìíràn kò sí fún lè yá owó eléèlé láti fi ra ilé tí yóò gbé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò gbà á. N kò ní bá yín jiyàn lórí èyí tí ó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ lo fátíwà náà lò ó pẹ̀lú gbogbo àdéhùn tí ó wà lára rẹ̀: ilé tí òun àti ìdílé rẹ̀ yóò gbé ni, kò gbọ́dọ̀ ní ilé mìíràn tí ó lè tó o, kò gbọ́dọ̀ ní owó tí ó lè fi rà á, kò sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà mìíràn tí ó bá Ṣẹ̀ríà mu. Ṣùgbọ́n kí ni à ń rí? Arákùnrin yá owó ribà lórí ilé rẹ̀ ní London, ó fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Èrúwà, ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé inú rẹ̀ àfi ọlọ́dẹ àti aláǹgbá. Dandan wo ni ó wà níbẹ̀? Inú fátíwà wo ni ó ti rí i pé aláǹgbá nílò pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Ọ̀nà mìíràn sì ti ṣí díẹ̀díẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìnáwó ti 2003 mú owó orí ẹ̀ẹ̀mejì kúrò lórí ilé tí a rà ní ọ̀nà aláìní-èlé, ilé ìfowópamọ́ tí ń jẹ́ Islamic Bank of Britain sì dìde ní 2004, èyí tí ó di Al Rayan Bank ní 2014. Nílé níhìn-ín, Jaiz Bank ṣí ilẹ̀kùn ní 2012, TAJBank ní 2019, Lotus Bank ní 2021. Wọ́n lè wọ́n ju ti eléèlé lọ nígbà mìíràn, n kò sẹ́ èyí. Ẹni tí kò bá lè san án, kí ó kọ́ yàrá méjì dípò mẹ́fà.

Ẹ̀yin arábìnrin, ọ̀rọ̀ yín wà nínú èyí pẹ̀lú. Ìyàwó tí ó ń da owó oṣù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọkọ láti fi kọ́lé, kí a kọ ìpín rẹ̀ sórí ìwé. Ohun ìní obìnrin jẹ́ tirẹ̀ nínú Ìsìláàmù, ọkọ kò gbọ́dọ̀ gbé e mì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ṣe yìgì nìkan, tí ẹ kò lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó, ẹ mọ̀ pé òfin ibẹ̀ kò kà yín sí aya tí ó bá òfin mu. Ilé ẹjọ́ wọn tún sọ bẹ́ẹ̀ ní 2020. Bí ọkọ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, òfin ibẹ̀ kò ní fún yín ní ìpín aya nínú ilé tí ẹ jọ rà.

Ọ̀rọ̀ ikú ni ó sì mú mi padà sọ́dọ̀ àáfà. Hàdíìsì ọmọ Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí àwọn méjèèjì) sọ fún wa pé kò yẹ kí Mùsùlùmí tí ó ní ohun tí yóò sọ àsọtẹ́lẹ̀ lé lórí sun òru méjì láìkọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n tí mo sọ ìtàn rẹ̀ bá ti kọ ìlà méjì pé ilé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kì í ṣe tèmi, ti àbúrò mi ni, àáfà ogún ìbá ti yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ilé ní orúkọ ara yín, bí ẹ kò bá kọ̀wé, ẹ má ṣe rò pé Súrà An-Nisā' ni ilé ẹjọ́ yóò fi pín in dandan. Ọkùnrin kan ní Èkó tí ń jẹ́ Suberu Dawodu kú, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin sílẹ̀. Ẹjọ́ ogún rẹ̀, Dawodu àti Danmole, dé Privy Council ní 1962. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni bóyá ìdí-igi ni kí a fi pín in tàbí orí-ò-jorí. Ìdí-igi ni ó borí. Ìpín tí Ọlọ́hun là sílẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ àwọn àáfà ẹgbẹ́ wa ní ilẹ̀ Ìbàràpá kò pọ̀. Bí a bá pè yín síbi ìpìlẹ̀ ilé ẹni tí ó wà ní òkè òkun, ẹ béèrè rìsíìtì kí ẹ tó jókòó sórí ẹní. Ẹ wo orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀. Bí kì í bá ṣe orúkọ ẹni tí ó ni owó, ẹ ní kí wọ́n pe ẹni náà lórí tẹlifóònù níwájú gbogbo ènìyàn, kí ó sọ ti ta ni ilẹ̀ náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn tọwọ́ bọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, kí ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ìmáàmù. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gun ọ̀kadà yín padà sílé.

Àáfà kan tí mo sọ ọ́ fún ní Èrúwà rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun bá béèrè irú rẹ̀, àáfà mìíràn ni wọn yóò lọ pè. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogún bá délẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn yóò padà wá, àti ẹni tí ó rẹ́rìn-ín àti ẹni tí kò rẹ́rìn-ín. Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, kí àáfà kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ilé mẹ́ta tí ó ti ṣe àdúrà ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti Iléyá tó kọjá wá, kí ó sì sọ fún wa orúkọ tí ó wà lórí rìsíìtì wọn. Èmi náà yóò mú tèmi wá; mo ti ṣe irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ní ilé mẹ́ta lọ́dún tó kọjá, méjì nínú wọn ni n kò sì béèrè.